Orí Kakaǹfò àti Ẹ̀wù Tí À Ń Rán fún Un ní Agége

Aránṣọ tíátà ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Pen Cinema ní Agége, ẹ̀wù jagunjagun sì ni iṣẹ́ tí ó ń wọlé fún mi jù. Bí àwọn tó ń ṣe fíìmù bá dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń bá mi sọ: “Màmá, a fẹ́ kí ó bani lẹ́rù o.” Wọ́n á ní kí n fi ìwo sí i, kí n so agbárí mọ́ èjìká, kí àdó kún àyà títí a kò fi ní rí aṣọ mọ́. Mo máa ń rán an fún wọn, nítorí iṣẹ́ ni mo jókòó tì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí gbogbo jagunjagun inú fíìmù wọ̀nyí ń sín jẹ, ẹni tí a fi ṣe àwòkọ́ wọn láìdárúkọ rẹ̀, kò wọ ìdajì ohun tí wọ́n ń ní kí n rán. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni mò ń wí.

Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló sì mú un jáde ní 1921. Nínú ìwé náà ni mo ti ka bí wọ́n ṣe ń ṣe orí Kakaǹfò nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì wà. Wọ́n á fá orí rẹ̀ korodo. Wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ igba ó lé kan sí ìpàkọ́ rẹ̀, gbẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú abẹ tirẹ̀, oògùn tí wọ́n sì ń fi ra ojú gbẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú àdó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n á máa fá ìyókù orí, ṣùgbọ́n irun tó bá hù lójú gbẹ́rẹ́ kò ní kan abẹ mọ́ láé. Yóò gùn, wọ́n á dì í, yóò yọ sẹ́yìn orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwo. Ojíjìkó ni wọ́n ń pe fìlà rẹ̀, ìkóóde pupa tó wà ní ìdí odídẹrẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Awọ ẹkùn ni bàǹtẹ́ rẹ̀, orí awọ ẹkùn náà ló sì ń jókòó sí. Bí ó bá dé ojú ogun, kò mú idà, kò mú ọ̀kọ̀. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń mú dání, ọ̀pá àṣẹ Aláàfin.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú aránṣọ wo ọkùnrin yìí. Àwọn ọmọ ogun yòókù ló ń di ońdè mọ́ra. Ẹlòmíràn a rán tírà mọ́ ẹ̀wù láti ọrùn dé ìdodo, a tún so ìfúnpá, a tún gbé ìgbàdí wọ̀. Ońdè kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ní ohun tí ó wà fún: èyí fún ọfà, èyí fún ìbọn, èyí fún idà, èyí fún ọ̀rẹ́ tó lè dalẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè ka gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ń bẹ̀rù lára aṣọ rẹ̀. Ti Kakaǹfò kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ awọ orí ni wọ́n fi tirẹ̀ sí, ní ìpàkọ́, níbi tí òun alára kò ti lè rí i láé, fìlà pupa sì bò ó. Àlàyé tí Johnson ṣe ni pé oògùn náà wà láti mú ẹ̀rù kúrò lára rẹ̀. Wọ́n sì tún fi òfin ti oògùn náà lẹ́yìn: ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ lọ sógun sí ibikíbi tí Aláàfin bá dárúkọ. Láàárín oṣù mẹ́ta, yálà kí ó ṣẹ́gun padà wálé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá.

Èyí gan-an ni mo fẹ́ sọ, mo sì ti ń sọ ọ́ fún àwọn òṣèré tí mò ń wọ̀ láṣọ láti ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ẹ bá fi abẹ gba ẹ̀rù kúrò lára rẹ̀, ẹ̀rù ọba náà ti bá a lọ. Ìlú ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkùnrin tí kò lè tẹrí ba, ìlú kan náà ló sì ń pariwo nígbà tí kò tẹrí ba. Johnson kọ ọ́ láìfi bò pé olórí kunkun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Kakaǹfò, pé wọ́n máa ń da ìlú láàmú. N kò bá a jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ ni pé ìdààmú náà ti wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí Kakaǹfò lórí, kó tó jáde kúrò nínú ilé ìwúyè.

Aláàfin Ajagbó ló dá oyè náà sílẹ̀, tí ó fi jẹ Kòkòrò-gangan ará Ìwòyè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Kí á rántí orúkọ Ajagbó yìí, a óò tún bá a pàdé. Láti ìbẹ̀rẹ̀, Kakaǹfò kì í bá Aláàfin gbé ìlú kan náà. Ìlú ẹnubodè ni wọ́n ń fi í sí, níbi tí ọ̀tá ti lè tètè bá a. Àǹfààní èyí hàn nígbà tí Baṣọ̀run Gáà gba agbára lọ́wọ́ ọba tán, tí ó sì ń pa ọba lé ọba: Ọyabì, Kakaǹfò ará Àjàṣẹ́, ló kó ogun wọ Ọ̀yọ́ láti bá Aláàfin Abíọ́dún ṣẹ́gun rẹ̀ ní nǹkan bí 1774. Lọ́jọ́ náà, àìbẹ̀rù rẹ̀ ṣe ìlú lóore.

Àfọ̀njá, tí òun náà jẹ Kakaǹfò, ni ti ọjọ́ kejì. Ó wà ní Ìlọrin, Aláàfin Aólẹ̀ wà lórí ìtẹ́, àwọn méjèèjì kò sì fẹ́ràn ara wọn. Aólẹ̀ wá rán ogun lọ sí Ìwéré-Ilé. Ìlú ìyá Ajagbó ni Ìwéré, ìyẹn Ajagbó tó dá oyè Kakaǹfò sílẹ̀, ó sì jẹ́ èèwọ̀ fún Aláàfin láti gbógun tì í. Ibẹ̀ tún wà lórí òkè tí ó ṣòro láti gùn. Àfọ̀njá mọ òfin oṣù mẹ́ta dáadáa. Bí ó bá lọ tí kò ṣẹ́gun, òkú ni. Bí ó bá ṣẹ́gun, ó ti ba ìlú tí ìbúra wà lórí rẹ̀ jẹ́. Ó yí ogun padà sí Ọ̀yọ́. Wọ́n gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Aólẹ̀, Aólẹ̀ sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ó ta ọfà sí ọ̀nà mẹ́ta, ó gbé ìlú ṣépè, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Mo ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa pe Àfọ̀njá ní ọ̀dàlẹ̀, bóyá òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀, nítorí pé òun ló pe Àlímì, àlùfáà Fúlàní, àti àwọn jàmáà, ìyẹn àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí, wọ Ìlọrin, àwọn jàmáà yìí náà ló sì pa á ní nǹkan bí 1824. Ṣùgbọ́n ẹ wo ikú rẹ̀. Wọ́n ká a mọ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba àwọn tó ṣẹ́kù sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Ṣólàgbérù, olórí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ní Ìlọrin, Ṣólàgbérù kò wá. Ó jà títí ọfà àti ọ̀kọ̀ fi kún ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò fi lè ṣubú, àwọn ọfà náà ló gbé e dúró. Olùdarí fíìmù kan fẹ́ ya àwòrán ikú yìí nígbà kan, ó sì ní kí n rán ẹ̀wù tí ó ní ońdè púpọ̀ fún Àfọ̀njá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àyà òṣèré náà ṣófo. Bí ońdè bá kún ibẹ̀, níbo ni ọfà yóò gbà wọlé tí ẹni tó ń wò yóò fi rí i? Ó gbọ́ sí mi lẹ́nu. Òun ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo ti ṣe.

Kúrunmí ti Ìjàyè dàgbà ju gbogbo wọn lọ nínú ọkàn mi. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù tí í ṣe Àrẹ̀mọ gorí ìtẹ́. Kúrunmí ní àṣà kò gbà á, pé Àrẹ̀mọ ní láti bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn dúró ti Adélù, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ọmọ márùn-ún ló bá ogun náà lọ lọ́wọ́ Kúrunmí. Òun náà kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862. Ola Rotimi fi ìtàn rẹ̀ ṣe eré tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí ìtàgé ní 1969. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi kì í fẹ́ ṣe Kúrunmí, wọ́n ní arúgbó ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé bàbá tó ń sin ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tí kò sì lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà le í ṣe ju ẹni tó ń fò láti orí igi lọ.

Ìtàn Òjó Aburúmákùú ti Ògbómọ̀ṣọ́ kúrú. Ogun kankan kò sí fún un lásìkò tirẹ̀, wọ́n ní nígbà tí kò rí ọ̀tá níta, ó dá ìjà sílẹ̀ nínú ìlú ara rẹ̀, ó sì tún fi ọwọ́ líle pa á. Látòósà ti Ìbàdàn ló tẹ̀lé e, ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ni iṣẹ́ ayé rẹ̀, ó sì kú sí ibùdó ogun ní 1885. Lẹ́yìn rẹ̀, fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, kò sí Kakaǹfò ní ilẹ̀ Yorùbá.

Nínú ọgọ́rin ọdún yìí ni jagunjagun kúrò lójú ogun wọ inú ìwé àti orí ìtàgé. D. O. Fágúnwà, tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, ọmọ Òkè-Igbó ni, ìlú tí Dẹ̀rìn Ológbẹ́ńlá, jagunjagun láti Ifẹ̀, tẹ̀ dó. Àwọn tó ti rí ogun ṣì wà láàyè nígbà tí Fágúnwà wà lọ́mọdé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ka Kàkó, Oníkùmọ̀ Ẹkùn, akọni inú ìwé náà, sí àròsọ lásán. Ọkùnrin tó gbóná, tó ṣe é fi ẹ̀mí tán, tí ó sì pa ìyàwó tó dì mọ́ ọn pé kí ó má lọ: ẹni tí àìbẹ̀rù ti bà jẹ́ nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ifákò ní kí n wọ Kàkó láṣọ fún eré ìparí ọdún wọn. Kùmọ̀ àti ìbàǹtẹ́ nìkan ni mo fún ọmọ náà, mo sì sọ fún un pé kí ó má rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1963 ni Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo, Ṣàngó tí ń bẹ̀rù Tìmì àti Gbọ̀nkáà, àwọn olórí ogun tí òun fúnra rẹ̀ gbé ga. Ní 1976, fíìmù Ajani Ogun jáde, tí Adéyẹmí Afọláyan, Ade Love, jẹ́ ọdẹ inú rẹ̀. Ìjà Òmìnira tẹ̀lé e ní 1979, láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí. Agége tí mo dàgbà sí fẹ́ràn sinimá gidigidi. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gbé Ọjà-Ọba, Ìjú àti Òkè-Kòtò máa ń kúrò níbi iṣẹ́ lọ sí ilé sinimá tààrà, tàwọn taṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Nígbà tí jagunjagun bá yọ lójú àwòrán, gbogbo ilé á dìde.

Ìkẹjà ló sì fún wa ní ohun tí a fi rán ẹ̀wù jagunjagun. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní òpópónà Ọba Akran, òpópónà tí wọ́n fi orúkọ Ọba Akran ti Àgbádárìgì, mínísítà ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà, pè. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ra àjákù lówó pọ́ọ́kú: aṣọ funfun tí wọn kò tíì pa láró, tó le, tí kò dán. Òun ni ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi ń rán dàńṣíkí ogun. Yóò sè é pọ̀ mọ́ èèpo igi títí yóò fi pọ́n, yóò fi òkúta gbo etí rẹ̀, yóò sì sá a sórí kòríko kí ìrì pa á. Fóòmù láti Vitafoam, tó ti wà ní Ìkẹjà láti 1962, ni a fi ń gbẹ́ ìwo àti agbárí kí ó má baà wúwo lórí òṣèré. Rọ́bà inú táyà mọ́tò ni okùn bàtà wa. Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà títí di 2008, irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ kò sì ṣòro rí lọ́dọ̀ àwọn fọkanáísà. Awọ àti ìwo gidi ń wá láti odò ẹran ní Oko-Ọba, níbi tí a ti ń ra ìrù màlúù fún ìrùkẹ̀rẹ̀. Owó ẹyọ àti àdó wà lọ́dọ̀ àwọn eléwé ọmọ. Fẹ́lífẹ́ẹ̀tì alámì ẹkùn la fi ń ṣe bàǹtẹ́. Ìkóóde nìkan ni kò rọrùn: ìyẹ́ adìẹ tí a rẹ sínú aró pupa la fi ń rọ́pò rẹ̀, ojú àwọn àgbà sì máa ń mọ̀ ọ́n.

Nísinsìnyí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ yẹn ti tì, ilé ìjọsìn àti ilé ìkẹ́rùsí ti gba ibẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà ni à ń rà, ó ń dán lójú kámẹ́rà, iṣẹ́ tó sì wà nínú pípa dídán rẹ̀ ju rírán rẹ̀ lọ.

Kakaǹfò padà sí ayé ní 1964, nígbà tí Aláàfin fi Samuel Ládòkè Akíntọ́lá jẹ ẹkẹtàlá. Olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni, Ìkẹjà sì wà lábẹ́ ìjọba yẹn títí di ọdún 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìjọba tí bàbá mi ń san owó orí fún nìyẹn, ìjọba tó pín ilẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bọ́ wa. Rògbòdìyàn tó dé bá Ìwọ̀ Oòrùn lásìkò rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ilé jó, ènìyàn kú. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1966, àwọn ọmọ ogun wá ká a mọ́lé ní Ìbàdàn. Ó yìnbọn fún wọn kí wọ́n tó pa á. Ní ti òṣèlú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo gbà. Ní ti òru yẹn, ìṣe Kakaǹfò ni ó hù.

Ẹkẹrìnlá ni Mọṣúùdì Káṣìmawò Ọláwálé Abíọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá, tí ó jẹ ẹ́ ní 1988. Tiwa ni ní Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni ilé rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni Concord tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn rẹ̀ ní 1980 wà, àwọn ará àdúgbò wa sì ṣiṣẹ́ níbi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Kò wọ bàǹtẹ́ ẹkùn lọ sójú ogun. Agbádá àti fìlà ló wọ̀ lọ síbi ìdìbò 12 June 1993, ó sì wọlé, ìjọba ológun fagi lé e. Ní June 1994, ó kéde ara rẹ̀ ní Ààrẹ orílẹ̀-èdè ní Ẹpẹ́tẹ̀dó, wọ́n sì mú un lẹ́yìn náà. Wọ́n ní àwọn yóò dá a sílẹ̀ bí ó bá gbà láti fi àṣẹ tí ará ìlú fún un sílẹ̀. Kò gbà. Ní 4 June 1996, wọ́n yìnbọn pa Kùdírátù ìyàwó rẹ̀ ní ìhà Ọ̀rẹ́gùn, òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí. Òun náà kú sí àtìmọ́lé ní 7 July 1998, wọ́n sì sin ín sínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà.

Àwọn kan ní ègún wà lórí oyè náà. Wọ́n á ka Àfọ̀njá, Kúrunmí, Látòósà, Akíntọ́lá, Abíọ́lá lórí ìka. N kò gbà pé ègún ni. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ ni: kí o má padà sẹ́yìn. Ẹni tí kò padà sẹ́yìn yóò bá ohun tó wà níwájú pàdé. Abíọ́lá ṣe èyí láìsí ọ̀kọ̀, láìsí ìbọn, fún ọdún mẹ́rin nínú àtìmọ́lé, ó sì wú mi lórí ju ti gbogbo àwọn tó kó ogun lẹ́yìn lọ.

Nígbà tí fíìmù Jagun Jagun jáde ní August 2023, tí gbogbo ayé ń wò ó lórí Netflix, inú mi dùn gan-an. Ògúndìjì tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe, ọ̀gá ogun tó ń bẹ̀rù ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ jù, Ṣàngó àti Gbọ̀nkáà ni mo rí nínú rẹ̀. Gbótìjà tí Lateef Adédiméjì ṣe gbé ọgbẹ́ ikú bàbá rẹ̀ wọ inú ilé ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ ní ogun. Ìdààmú ọkàn wà níbẹ̀, kì í ṣe ìjà nìkan. Láti ìgbà náà ni àwọn oníbàárà mi ti pọ̀, tí ìwo àti agbárí tí wọ́n ń bèèrè sì ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin tí ń ṣe fíìmù. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe Kakaǹfò, ẹ má kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jókòó ti àwọn àgbà, ẹ bi wọ́n léèrè bí orí rẹ̀ ṣe ń rí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú òṣèré tí ó gbà kí a fá orí rẹ̀ wá bá mi. N óò di irun ìpàkọ́ rẹ̀, n óò fún un ní fìlà pupa, bàǹtẹ́ kan, àti ọ̀pá. Owó díẹ̀ ni n óò gbà lọ́wọ́ yín.